Ahọ́n Tí Ń Wọn Oògùn

Oṣù mẹ́ta gbáko ni ọkọ mi fi bá mi jà nítorí iyọ̀. Kì í ṣe nítorí obìnrin, kì í ṣe nítorí ọtí, ẹbí kò sì dá sí i. Iyọ̀ lásán. Bí mo bá ti gbé ọbẹ̀ síwájú rẹ̀, á tọ́ ọ wò, á ti àwo sẹ́yìn bí ẹni tí wọ́n gbé ejò fún, á ní, "Ìwọ obìnrin yìí, ṣé iyọ̀ ti tán lọ́jà ni?"

Èmi náà kì í ṣe ẹni tí ọ̀rọ̀ ń tán lẹ́nu rẹ̀. Màá ní, "Iyọ̀ ò tán. Ẹ̀yin lẹ ò rí i."

"Ṣé ojú ni wọ́n fi ń tọ́ ọbẹ̀ wò nílé bàbá rẹ?"

"Nílé bàbá mi, ẹni tí ọbẹ̀ ò bá tẹ́ lọ́rùn ń wọ ilé ìdáná lọ se tirẹ̀."

Ọmọ wa obìnrin á máa fi wá rẹ́rìn-ín láti igun yàrá. Orí àpò ìrẹsì ló máa ń jókòó sí, ọwọ́ kan lórí ikùn, ọwọ́ kejì nínú àpò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Á bu ìrẹsì gbígbẹ díẹ̀, á dà á sẹ́nu, á máa rún un wómúwómú bí ewúrẹ́ tó bá àgbàdo pàdé. Oyún oṣù mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀. Oyún kẹta ni. Àkọ́kọ́ bàjẹ́ ní oṣù kẹta, èkejì bàjẹ́ ní oṣù karùn-ún. Awakọ̀ tírélà ni ọkọ rẹ̀, ó lè lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ó tó fojú kan ilé, ni mo bá ní kí ọmọ mi wá jókòó tì mí títí yóò fi bí i. Èmi ni mo pè é. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ẹlòmíràn ni.

Oyún yìí kò fẹ́ oúnjẹ kankan àfi ìrẹsì tútù. Èmi ò sì rí nǹkan burúkú níbẹ̀, torí erùpẹ̀ ni mo jẹ nígbà tí mo lóyún òun náà. Mo sọ fún un pé, "Máa jẹ ẹ́ lọ. Ìrẹsì tiwa ni, mo ti ṣa òkúta inú rẹ̀." Iṣẹ́ mi nìyẹn nílé ìlọ-ìrẹsì, ọdún kọkànlá rèé: kí n tẹ ìrẹsì sórí pẹpẹ, kí n máa ṣa òkúta, kí n máa ṣa ìyàngbò, títí ojú á fi máa ṣú mi.

Ọkọ mi ni wọ́n ń pè ní Ahọ́n ní gbogbo àfonífojì yìí. Òun ló ń fín oògùn kòkòrò sí oko ìrẹsì gbogbo ènìyàn. Ẹni tí kò bá mọ iṣẹ́ náà á rò pé kéèyàn ṣáà gbé tánkì kọ́ ẹ̀yìn kó máa fín ni. Rárá o. Oògùn tí a ń rà kì í dé ọ̀dọ̀ wa nínú ike tirẹ̀. Àwọn tó ń tà á ti tú u sínú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò, kò níwèé lára, kò ní òǹkà. Ti òní lè ki bí òróró, ti ọ̀la á jẹ́ pé omi ni wọ́n fi lú u. Bí o bá fi ìdérí kan náà wọn méjèèjì, ọ̀kan á jó ewé ìrẹsì, èkejì á dà bí omi ìwẹ̀ lára kòkòrò. Ìdí nìyẹn tí a fi ń lo ahọ́n. Ọkọ mi á po oògùn mọ́ omi nínú dúróòmù, á ti ìka kékeré bọ̀ ọ́, á fi kan ṣóńṣó ahọ́n, á tutọ́, á wá dijú, á máa kà. Ahọ́n á kọ́kọ́ ta, á wá kú. Bí ó bá jí kó tó ka ẹ̀ta, oògùn ò tíì tó, á tún da ìdérí kan sí i. Bí ó bá kú títí ó fi ka èje, ó tó nìyẹn. Bàbá rẹ̀ ló fi kọ́ ọ. Bàbá rẹ̀ kò pé ẹni àádọ́ta ọdún tó fi kú. Wọ́n ní ikọ́ ni.

Ọdún mẹ́rìndínlógún ni ọkọ mi fi ṣe é. Wọ́n máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé kò sí ìrẹsì tí kòkòrò á jẹ ní àfonífojì yìí tí ọkọ mi ò ní kọ́kọ́ tọ́ wò. Inú rẹ̀ á dùn. Èmi náà, inú mi á dùn. Orúkọ rere ni.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìjà iyọ̀ yìí sú mi. Mo bu ọbẹ̀ tirẹ̀ sọ́tọ̀, mo da ẹ̀kúnwọ́ iyọ̀ méjì sí i, mo rò ó pọ̀. Mo ní lọ́kàn mi pé lónìí, ẹnu á bó. Mo gbé e fún un, mo jókòó, mo káwọ́ lé itan láti wòran.

Ó jẹun. Ó fi ìka nu etí àwo. Ó ní, "O ń gbìyànjú. Ó ku díẹ̀."

Ọmọ mi ti rí ojú mi, ó mọ̀ pé mo ti ṣe iṣẹ́ ọwọ́ kan. Ó na ọwọ́ sí àwo bàbá rẹ̀, ó fi ìka kan ọbẹ̀ náà, ó lá a. Kíá ló ti sáré sí ẹnu ọ̀nà lọ tu ú dànù.

"Màmá! Ṣé inú òkun lẹ ti bu èyí wá ni?"

Mo rẹ́rìn-ín títí ikùn fi ń dùn mí. Ìgbà tí mo gbójú sókè ni mo rí i pé èmi nìkan ni mò ń rẹ́rìn-ín. Ọkọ mi ń wo àwo òfìfo náà bí ẹni ń wo lẹ́tà tí kò lè kà.

Mo dìde, mo bu iyọ̀ sínú ṣíbí kan, mo bu ṣúgà sínú èkejì. Mo ní, "Ẹ dijú."

"Ṣé eré ọmọdé ló kù tí a fẹ́ ṣe?"

"Ẹ dijú, olówó orí mi. Àbí ẹ̀rù ń bà yín?"

Ó dijú. Mo fi iyọ̀ sí i lẹ́nu. Ó pa ẹnu dé, ó ń yí i ká, ó ní, "Ṣúgà ni." Mo fi ṣúgà sí i lẹ́nu. Ó tún yí i ká. "Èyí… kò sí nǹkan kan nínú ṣíbí yìí. O ń tàn mí jẹ."

Mo gbé ṣíbí méjèèjì sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó wá sí mi lọ́kàn, ẹ̀rù rẹ̀ bà mí kó tó di pé mo sọ ọ́.

"Báwo lẹ ṣe ń wọn oògùn?"

"Bí mo ṣe ń wọ̀n ọ́n tẹ́lẹ̀ náà ni. Mo ń dà á títí á fi ta."

"Ṣé ó ń ta?"

Ó wo ẹnu ọ̀nà.

"Bàbá ọmọ mi, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ṣé ó ń ta?"

"Ó máa ń ta," ni ó wí, ohùn rẹ̀ sì ti lọ sílẹ̀. "Bí mo bá dà á dáadáa, ó máa ń ta díẹ̀."

"Ìdérí mélòó?"

"Ti ọdún yìí ki ju tàtẹ̀yìnwá… rárá, ó fúyẹ́ ni. Omi pọ̀ nínú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń da ogún."

"Mélòó lẹ ń dà tẹ́lẹ̀?"

"Mẹ́ta. Mẹ́rin, bí wọ́n bá fi omi lú u."

Ní igun yàrá, ọmọ mi ti dúró, kò rún nǹkan mọ́. Ìrẹsì ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Kò mọ̀ bóyá kó gbé e mì tàbí kó tu ú. Àpò mẹ́fà ló wà níbẹ̀, ìpín tí àwọn àgbẹ̀ fún bàbá rẹ̀ nínú ìkórè ọdún náà. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e wọlé ló ti ń jẹ ẹ́.

Mo ní, "Tu ú." Ó tu ú sí àtẹ́lẹwọ́ mi bí ìgbà tó wà lọ́mọ ọdún méjì.

Ọkọ mi bẹ̀ mí pé kí n má sọ ọ́ níta. Ó ní ahọ́n òun á jí, pé òun ń fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́ láràárọ̀. Mo ní kó máa fọ̀ ọ́ lọ. Lọ́jọ́ kejì, mo di ìrẹsì sínú ọ̀rá, mo wọ ọkọ̀ lọ sí ilé àyẹ̀wò ìjọba.

Ọkùnrin kan ló wà níbẹ̀, ẹ̀wù funfun, bíírò mẹ́ta nínú àpò àyà bí ẹni tó fẹ́ kọ ìwé mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà. Ó fún mi ní fọ́ọ̀mù. Mo kọ ọ́. Ó ní kí n padà wá ní ọ̀sẹ̀ méjì. Mo padà wá. Ó fi ìwé kan hàn mí, ó fi bíírò tọ́ka sí ìsàlẹ̀ rẹ̀.

"Ìyá, oògùn tó wà lára ìrẹsì yìí jẹ́ ìlọ́po mẹ́sàn-án èyí tí òfin gbà."

"Kí ni kí n ṣe?"

"Ẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ẹ fi omi púpọ̀ sè é, kí ẹ da omi náà nù. Púpọ̀ á jáde lára rẹ̀."

"Ọmọ mi ò sè é. Tútù ló ń jẹ ẹ́. Ó lóyún."

Ó gbé bíírò sílẹ̀. Ọmọ ènìyàn ni, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ojú rẹ̀ yí padà. "Ó ti tó ìgbà wo?"

"Ó ti lé ní oṣù méjì."

"Kó má jẹ ẹ́ mọ́."

"Ìyẹn ò gba ìwé kó tó yé mi. Èyí tó ti jẹ ńkọ́?"

Ó ní àwọn á kọ lẹ́tà sí ẹgbẹ́ àgbẹ̀ wa, ṣùgbọ́n ọ̀gá àwọn ló ń buwọ́ lù ú, ọ̀gá sì wà ní ìsinmi. Mo bi í pé ìgbà wo ni ọ̀gá ń bọ̀. Ó ní ìsinmi àìsàn ni. Mo ní, "Kí ó má lọ jẹ́ pé ìrẹsì ni òun náà jẹ." Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó gbé e mì.

Mo délé, mo gbé àpò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sórí ọmọlanke, mo tì í lọ sí ààtàn lẹ́yìn ilé ìlọ-ìrẹsì, mo tú u dànù. Kí n tó yí ọmọlanke padà, àwọn obìnrin ti yọ pẹ̀lú igbá, pẹ̀lú abọ́, pẹ̀lú ìbòrí. Mo pariwo pé oògùn wà nínú rẹ̀. Mo ní á pa yín o! Ọ̀kan ní, "Ẹ ṣé o, Ìyá, Ọlọ́run á fi kún un fún yín." Òmíràn ní, "Ìyàwó Ahọ́n, bí ìwà rere bá ń ṣe yín, ẹ má fi èpè sí i." Kó tó tó wákàtí kan, ààtàn mọ́ ju ilé mi lọ.

Mo mú ọmọ mi jókòó. Mo ní, "Ṣèlérí fún mi." Ó ní, "Màmá, mo ṣèlérí. Mi ò ní jẹ ìrẹsì ilé yìí mọ́." Mo gbà á gbọ́.

Ó ku ẹgbẹ́ àgbẹ̀. Inú yàrá ìkówèésí tí wọ́n ti pa tì ni wọ́n ti ń ṣe ìpàdé, lórí àga tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dọ́gba. Alága wọn jẹ́ ọkùnrin tí ikùn rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ wọlé. Nígbà tó rí mi, ó ní, "Ìyàwó Ahọ́n, ta ló pè ọ́ sí ìpàdé?"

Mo ní, "Ìrẹsì ló pè mí."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọkọ mi wà níbẹ̀, ní ìlà kẹta, fìlà lórí orúnkún. Ó mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Ó ń wò mí bí ẹni tó wà lórí igi ṣe ń wo ẹni tó gbé àáké. Mo sọ ọ́. Mo sọ ti iyọ̀, mo sọ ti ṣúgà, mo sọ ti ìdérí ogún, mo ka ohun tó wà nínú ìwé. Ẹ̀rín ti tán.

Ọkùnrin kan láti ẹ̀yìn ní, "Gbogbo wa la ti ń jẹ ẹ́. Ṣé a ti kú?"

"Ẹ ò tíì kú. Ọwọ́ yín ń gbọ̀n, ẹ ní ọjọ́ ogbó ni. Ojú yín ń ṣe bàìbàì, ẹ ní oòrùn ni. Oyún ń bàjẹ́ lára ìyàwó yín, ẹ ní ọ̀tá ni. Ìgbà tí ẹ bá kú gan-an, ẹ ó ní ikọ́ ni."

Alága gbá tábìlì. "Ó tó! Ahọ́n, ṣé lóòótọ́ ni?"

Ọkọ mi dìde. Ó ní, "Lóòótọ́ ni." Ó fi fìlà dé orí, ó jáde. Ẹni tí gbogbo wọn ń dìde kí tẹ́lẹ̀, kò sẹ́ni tó gbé ẹsẹ̀ kúrò lọ́nà fún un.

Mo ní kí wọ́n má tà á. Mo ní kí wọ́n dá a dúró, kí wọ́n ké sí ìjọba. Ìyá Mẹ́fà ló dá mi lóhùn. Opó ni, ó ní ọmọ mẹ́fà, àbíkẹ́yìn wọn wà lẹ́yìn rẹ̀ níbi tó dúró sí yẹn.

"Ẹ̀gbọ́n mi, òótọ́ lẹ sọ. Ṣùgbọ́n lésìí, mi ò rí oògùn fín, kí ni mo kó nínú oko? Koríko. Kòkòrò wọ inú igi ìrẹsì, ó jẹ ọkàn rẹ̀, orí rẹ̀ funfun bí irun arúgbó, ẹ tẹ̀ ẹ́, òfìfo. Àwọn ọmọ yìí ò lè jẹ òótọ́."

Alága wá rí àyè rẹ̀. "Láti ìjẹta ni ọkọ̀ ti kó o lọ," ni ó wí. "Wọ́n ti pò ó mọ́ ti àfonífojì mẹ́rin mìíràn. Sáré tẹ̀lé e, kí o máa ṣa tiwa jáde ní hóró kọ̀ọ̀kan. Ṣebí iṣẹ́ rẹ náà nìyẹn?" Ẹ̀rín tún bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ti ìlẹ̀kùn mọ́ mi lẹ́yìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bí ẹni ń ti ìlẹ̀kùn yàrá aláìsàn.

Nílé, ọkọ mi sọ̀rọ̀ kan péré. Ó ní, "O ti pa mí."

Mo ní, "Kẹ́ ẹ kú dáadáa." Títí di òní, ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń dùn mí.

Oyún pé oṣù méje. Ọmọ mi sanra, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń fi ìdí ọwọ́ tẹ ẹ̀gbẹ́ ikùn, ó ní, "Màmá, ẹ wá gbọ́ ọ." Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbà pé a ti yè é. Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, wọ́n wá pè mí nídìí pẹpẹ. Wọ́n ní ó ti ṣubú ní ẹ̀yìnkùlé. Kí n tó dé ilé ìwòsàn kékeré wa, tó jẹ́ ibùsùn méjì àti fáànù kan tí kì í yí, ó ti bí i. Obìnrin ni. Ìka rẹ̀ pé, irun rẹ̀ pọ̀. Kò ké.

Nọ́ọ̀sì ibẹ̀ jẹ́ àgbàlagbà tẹ́ẹ́rẹ́ kan. Ó ní kí n mú ìró inú báàgì ọmọ mi wá kí wọ́n fi bò ó. Mo tú báàgì. Láàárín ìró, aṣọ ìnujú kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ta ní kókó. Mo tú kókó náà. Ìrẹsì tútù ni, bí ẹ̀kúnwọ́ kan.

Ọmọ mi ti rí mi. Ètè rẹ̀ ti gbẹ. Ó ní, "Màmá, mi ò jẹ ti ilé. Ti ṣọ́ọ̀bù ẹ̀bá títì ni mò ń rà. Mo ṣèlérí fún yín pé mi ò ní jẹ ti ilé, mi ò sì jẹ ẹ́."

Níbo ni ṣọ́ọ̀bù ẹ̀bá títì ti ń ra tirẹ̀? Èmi fúnra mi ni mo ń ṣa òkúta inú rẹ̀. Ó ṣe ohun tí mo ní kó ṣe gẹ́gẹ́ bí mo ṣe sọ ọ́. Èmi ni mi ò sọ ọ́ tán. Mo ta kókó padà, mo ní, "O ṣeun, ọmọ mi. O gbìyànjú."

Mo bá nọ́ọ̀sì nídìí tábìlì rẹ̀. "Ṣé ìrẹsì ni?"

"Ìyá, ohun tó ń fa irú èyí pọ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru wà níbẹ̀, ibà wà níbẹ̀. Mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé ìrẹsì ni."

"Ṣé ẹ lè fọwọ́ sọ̀yà pé kì í ṣe òun?"

"Mi ò lè ṣe ìyẹn náà."

"Obìnrin mélòó nirú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí níbí lọ́dún yìí?"

Ìwé ńlá kan wà ní ṣíṣí níwájú rẹ̀. Ó gbé ìgbọ̀nwọ́ lé e. "Ẹ lọ sinmi, Ìyá."

Ọmọ mi padà sọ́dọ̀ ọkọ rẹ̀ nílùú ńlá. Òjò dé, wọ́n gbin ìrẹsì mìíràn. Kò sí lẹ́tà láti ilé àyẹ̀wò. Ọwọ́ ọkọ mi ti ń gbọ̀n débi pé tíì inú ife ń dà sí i lára. Ó ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà láti àárọ̀, á máa yọ ahọ́n síta fún atẹ́gùn, á tún fà á wọlé. Ẹni bá ń kọjá á wo ẹ̀gbẹ́ kejì.

Láàárọ̀ kan, Alága dé pẹ̀lú Ìyá Mẹ́fà. Alága kò bá mi ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́jọ́ náà. Ó ní ìgbà ìfínko ti tó, ẹni tí yóò máa tọ́ oògùn wò ni kò sí. Ìyá Mẹ́fà ti ní òun á ṣe é. Wọ́n wá kí ọkọ mi kọ́ ọ.

Mo wo obìnrin náà. Ọmọ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ti jí, ó ti ń fà á láṣọ àyà, ó ń wá ọmú.

Mo ní, "Ìwọ tí o ń fún ọmọ lọ́mú? Orí ẹ pé báyìí?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ta ló kù?"

Kí ẹ tó bi mí, mi ò mọ ìgbà tí ẹnu mi là. Mo ní èmi á ṣe é. Alága ya ẹnu. Ọkọ mi gbójú sókè, ó mi orí, ó mi orí. Wọ́n rò pé mo ti túúbá. Mo ní ète tèmi nínú. Bí ó bá jẹ́ pé ahọ́n ni yóò pinnu bí oògùn ṣe máa ki tó, ahọ́n tèmi ló dáa kó wà níbẹ̀. Bí n bá rí i pé ó ta díẹ̀, màá ní ó tó. Kí wọ́n máa fín in. Ta ló máa mọ̀?

Bí mo ṣe ṣe é nìyẹn. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo fi ìka kan ahọ́n, ó dà bí ìgbà téèyàn bá lá irin tó ti jóná, lẹ́yìn náà ẹnu ò sí mọ́. Mo kà dé ẹ̀ta, mo ní, "Ó tó." Wọ́n gbé tánkì kọ́ ẹ̀yìn. Oko márùndínlógójì ni mo ṣe bẹ́ẹ̀ fún, inú mi ń dùn bí olè tó rí ilé wọ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn náà, Ìyá Mẹ́fà wá bá mi nídìí pẹpẹ. Ìjà ni mo múra sílẹ̀ fún. Kò bá mi jà. Igi ìrẹsì kan ló mú lọ́wọ́, orí rẹ̀ funfun báláú. Ó fi èékánná là á níwájú mi. Kòkòrò kan wà nínú rẹ̀, ó sanra, ó ń ká kò, ó ń tú. Ó fi igi náà sí mi lọ́wọ́.

"Ẹ wò ó, ẹ̀gbọ́n mi. Ìdajì oko ti lọ."

"Àwọn tó kù ńkọ́?"

"Bákan náà." Kò sunkún. Ó fi aṣọ di ọmọ rẹ̀ dáadáa, ó lọ. Kò bi mí pé kí ni mo ṣe. Ìbá sàn kó bi mí.

Ohun tí mo jókòó rò lọ́jọ́ yẹn kò pọ̀. Ọmọ kan tí kò ké, ọmọ mẹ́fà tí yóò máa ké. Nígbà tí ìfín kejì tó, mo kà dé èje. Nígbà tí ìfín kẹta tó, mo kà á kọjá èje, nítorí kòkòrò ti pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, oògùn fífúyẹ́ tí mo kọ́kọ́ ní kí wọ́n fín ti kọ́ wọn lọ́gbọ́n. Alága ní, "Ìyá, ahọ́n yín dára o! Ó ju ti ọkọ yín lọ." Ní òwúrọ̀ báyìí, omi lásán ń korò lẹ́nu mi.

Ọkọ̀ wá, ó kó ìrẹsì lọ. Àwọn ọmọ Ìyá Mẹ́fà rí jẹ. Mo rí wọn.

Lánàá, bí mo ṣe ń jáde lọ sí oko, ọmọ mi pè mí lórí fóònù. Ohùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ fò. Ó ní, "Màmá, ẹ jókòó. Mo ti lóyún oṣù méjì."

Mo jókòó sórí òkúta ẹnu ọ̀nà.

"Màmá? Ṣé ẹ ń gbọ́ mi?"

"Mò ń gbọ́. Kí ni ò ń jẹ?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ má bínú sí mi o. Ó tún ti bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe tiyín! Ti ọjà ìlú ńlá níbí ni. Ó mọ́ nigínnigín, ó funfun, kò sí kòkòrò kan ṣoṣo nínú rẹ̀. Ìyá tó ń tà á ní òkèèrè ni wọ́n ti ń kó o wá."

"Kí ló wà lára àpò rẹ̀?"

"Ẹyẹ méjì. Ẹyẹ pupa méjì, wọ́n kọjú síra wọn."

Àpò yẹn, èmi ni mo ń rán ẹnu rẹ̀ nílé ìlọ-ìrẹsì. Abẹ́rẹ́ gígùn, okùn funfun, kí n gún un lẹ́ẹ̀mẹ́jọ, kí n gé e. Mi ò fi òótọ́ pamọ́ fún un. Mo ní, "Ọmọ mi, tiwa ni. Tu ú dànù. Èmi ni mo po oògùn rẹ̀, ó sì ki ju ti bàbá rẹ lọ."

Mo ń gbọ́ ariwo mọ́tò ní títì ọ̀dọ̀ rẹ̀. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, kò bínú. Ohùn ọmọdé ló fi bi mí.

"Kí ni kí n wá jẹ, Màmá?"

Mo fẹ́ sọ pé ẹ̀wà. Mo rántí àwọn tó ń tọ́jú ẹ̀wà nílé ìkẹ́rù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, bí wọ́n ṣe ń da oògùn inú ìgò kan náà lé e lórí kí kòkòrò má baà wọ̀ ọ́. Mo fẹ́ sọ pé àgbàdo. Tánkì wa kan náà ni wọ́n ń yá lọ fín in. Mo fẹ́ sọ pé ẹ̀fọ́, odò tó ń ṣàn jáde láti oko ìrẹsì ni wọ́n fi ń bu omi rin ín.

Alága ti ń pè mí láti ìdí dúróòmù nísàlẹ̀ àfonífojì, ó ń fi ọwọ́ pè mí pé oòrùn ti ń ga.

Mo ní, "Màá pè ọ́ padà." Mo fi fóònù sí àpò, mo sọ̀ kalẹ̀ lọ bá a.